Ọmọbìnrin Tó Ń Dọ̀bálẹ̀

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn níbí. Mo mọ orúkọ àbísọ wọn, mo mọ oríkì wọn, mo sì mọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pe ara wọn lẹ́yìn ara wọn. N kò ní kọ ọ̀kankan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó wà láàyè, n kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti kú, bí mo bá pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀, ọjọ́ náà ti bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Ìyàwó mi kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọmọ ọmọ wa obìnrin jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Ká ní ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ náà ni, orúkọ tí à bá sọ ọ́ ti wà nílẹ̀, kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n bára wọn láyé. Òun gan-an ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ mi, ìyá ọmọ náà, tíṣà ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìfọ́n, Ìfọ́n náà ló sì ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ lókè Ọya. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní rí i ṣe. Láàárọ̀ kùtù, ọlọ́kadà á gbé ìyá àti ọmọ wá sí Ìlobù. Ìyàwó mi á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gba ọmọ lórí ọ̀kadà, ọlọ́kadà kò ní pa ẹ́ńjìnnì, á yípadà kí aago ilé ìwé tó lù. Èmi á ti gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, mo ti dojú kọ oko. Ìtọ́jú ọmọ, n kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti bí mẹ́rin, mo rò pé ṣe ni ọmọ ń dàgbà fúnra rẹ̀, bí ìbẹ́pẹ.

Lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi, ọmọ mi gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí kírẹ́ṣì, ilé tí wọ́n ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́. N kò ní bú wọn, wọ́n ń ṣe é bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n owó! Owó kírẹ́ṣì nìkan ju ìdajì owó oṣù tíṣà lọ. Ìyá á tún ra mílíìkì, á ra pámpáásì, á sanwó ọ̀kadà. Bí ìpàdé àwọn tíṣà bá pẹ́, wọ́n á tún gba owó mìíràn lé e nítorí pé ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù sílẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó wá kí mi, ó jókòó sórí àga tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó lé, ó ń fi etí aṣọ nu ẹnu ọmọ.

Ó ní, "Bàbá mi, iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí, kírẹ́ṣì ni mò ń ṣe é fún. Wọ́n tún ti fi kún owó wọn. Ó dà bí ẹni pé màá fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Iṣu oko mi ló rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, orí ìyá rẹ̀ ló sì ru iṣu náà dé ọjà. Ní ọjọ́ tí lẹ́tà iṣẹ́ rẹ̀ dé, ìyàwó mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó gbé lẹ́tà náà sórí àga, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń kí ọba. A rẹ́rìn-ín títí. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "O kò ní fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀. Gbé ọmọ wá."

"Ta ni yóò dúró tì í, Bàbá?"

"Èmi ni."

Ó wò mí, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó rí ojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Bí ọmọ ṣe wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn, nígbà tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú tán. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ìyá rẹ̀ á wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mo ṣí àpótí ìyàwó mi, mo mú ọ̀já rẹ̀ jáde. Òórùn ọṣẹ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo pọn ọmọ, ọ̀já tú sí mi nídìí, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ sísàlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú lẹ́yìn bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Níkẹyìn mo gbé ọ̀já gba orí èjìká kan kọjá, mo so ó ní kókó méjì láyà. Kò dára lójú, ṣùgbọ́n kò tú mọ́.

Obìnrin ilé kejì sí wa ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ń fa omi lọ́wọ́, ó ju okùn sílẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Bàbá!"

Mo ní, "Mo dúpẹ́. Ta ni yóò bá mi gbé omi ìwẹ̀ kaná?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri. Kí ó tó di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Tí mo bá ń kọjá, àwọn ọlọ́kadà á pariwo, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ bí i ni?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé èmi ni, kí ẹni tí kò tíì bí nínú wọn tẹjú mọ́ ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó sú wọn. Wọ́n wá ń dúró kí n lè sọdá títì.

Mo fi oko ọ̀nà jíjìn sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kó máa fún mi nínú ohun tó bá kórè. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé nìkan ni mo dì mú: àgbàdo díẹ̀, ata, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Abẹ́ igi kaṣú ni mo máa ń tẹ́ ọmọ sí. Mo kọ ebè kan, mo wẹ̀yìn. Mo kọ ìkejì, ó ti ń jẹ iyẹ̀pẹ̀. Iṣẹ́ tí mo máa ń parí kí oòrùn tó mú di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Kò jẹ́ mu ẹ̀kọ àfi kí n kọ́kọ́ mu níbẹ̀ kó rí i. Kò jẹ́ sùn àfi kó di irùngbọ̀n mi mú. Bí mo bá fẹ́ dìde lẹ́yìn tó ti sùn, ìka kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń já kúrò nínú irùngbọ̀n, bí ẹni ń já ẹ̀wà. Mo máa ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mo máa ń sọ pé, "Ṣé bó ṣe rí nìyí? O kò sọ fún mi."

Nísinsìnyí mo fẹ́ sọ ti ìdọ̀bálẹ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ baálé ilé wa. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Láràárọ̀, tí mo bá ti kírun tán, mo gbọ́dọ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ kí i níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé. Mo ti dàgbà, irun mi funfun ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Kò lè rí mi, etí ló fi ń mọ̀ pé mo ti kí i. Nígbà tí ọmọ ti ń rìn dáadáa, mo máa ń mú un dání lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì gbọ́ gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ ti na gbalaja, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, ó fi àgbọ̀n lé iyẹ̀pẹ̀, ojú rẹ̀ ń wò mí.

Ẹ̀gbọ́n mi yí etí. "Ta ni ọkùnrin kékeré yìí?"

Mo ní, "Ọmọ ọmọ mi ni, ẹ̀gbọ́n. Obìnrin ni."

"Obìnrin wo? Ìró ọkùnrin ni mo gbọ́!" Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó bá orí ọmọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á lórí. "O káre, ọkùnrin méje. Wàá gbó, wàá tọ́."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n gbé e dìde nígbà náà, kí n sọ fún un pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ti ń dúró dè é. Tó bá ti gbọ́ tèmi tán, á gbé orí sókè, á máa retí gbì kejì, àfi tó bá gbọ́ ọ ni á tó ṣàdúrà fún wa. Bí ọmọ ṣe ń kí gbogbo àgbà nìyẹn fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ọmọ kì í ṣe ohun tí a bá sọ fún un, ohun tó bá rí ló ń ṣe. Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti kú, kò sí ẹni tó ń kúnlẹ̀ nínú ilé mi mọ́.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọmọ pé ọdún mẹ́ta, ìyá ọkọ ọmọ mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ló fẹ́ lò ní Ìfọ́n. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ mi mú un wá kí mi ní Ìlobù pẹ̀lú ọmọ. Mo ti se iṣu sílẹ̀. Èèyàn dáadáa ni obìnrin náà, ohùn rẹ̀ kàn ga ni. Ó kọ́kọ́ wọlé wá kí mi, ọmọ ń bá ìyá rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọmọ ṣe fojú kàn mí báyìí, ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sáré wá sáàárín ilé, gbì!

Obìnrin náà fọwọ́ lé àyà. "Háà! Ta ló kọ́ ọmọ yìí?"

Ọmọ mi fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó. "Màámi, eré ló ń ṣe."

"Eré kọ́ nìyẹn. Wo bí àyà rẹ̀ ṣe kanlẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń dọ̀bálẹ̀! Tó bá délé ọkọ lọ́la ńkọ́, ṣé báyìí ni yóò ṣe na gbalaja síwájú ìyá ọkọ? Wọ́n á ní ọgbà ọkùnrin ló ti jáde wá." Ó yíjú sí mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú o, Bàbá. Ẹ kú ìtọ́jú, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ obìnrin ló yẹ kí ọmọ obìnrin wà. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sọ́dọ̀ mi. Ìyá rẹ̀ á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò ní san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Mo wo ọmọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: bí ọmọ bá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbà ọlidé nìkan ni yóò máa rí i. Tèmi ńkọ́? N kò ní máa rí ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ilé baba ọmọ ló ni ọmọ, n kò lè jà. Mo kàn sọ pé, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ yìí. Tí ẹ bá padà wá ní Àbámẹ́ta tí kò kúnlẹ̀ kí yín, ẹ mú un lọ."

Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ kan? Kò burú, Bàbá. Àbámẹ́ta náà kò jìnnà."

Ọ̀sẹ̀ náà! Mo sọ fún ọmọ pé kúnlẹ̀, ó wò mí. Mo tẹ èjìká rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń retí kí n yìn ín. Mo lọ bẹ obìnrin ilé kejì, ẹni tó kí mi kú ewu ọmọ, ó wá kúnlẹ̀ kí ọmọ rí i. Inú ọmọ dùn, ó dọ̀bálẹ̀ fún un.

Obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ dì í, ẹ̀yin náà lẹ máa tú u. Ohun tí ẹ bá ṣe ló ń ṣe."

Ìyẹn ni pé kí èmi fúnra mi kúnlẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Mo dúró níwájú ọmọ, mo fẹ́ kúnlẹ̀ bí obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ gbọ́ o. Ó lé ní ogójì ọdún tí ìyàwó mi fi kúnlẹ̀ níwájú mi láràárọ̀, tó bá gbé omi àlùwàlá fún mi, tó bá gbé oúnjẹ, tó bá fẹ́ lọ sọ́jà, tó bá ti ọjà dé. N kò mọ orúnkún tó kọ́kọ́ máa ń kanlẹ̀. Ṣé ọ̀tún ni àbí òsì? Ṣé ó máa ń fi ọwọ́ lé itan ni àbí ó máa ń fi í sẹ́yìn? Omi ni mò ń wò, n kò wo ẹni tó gbé e wá. Mo dúró síbẹ̀, mo ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni pé ó wà ní ilé ìdáná, kó kàn yọjú, kó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kí n rí i.

Mo fi orúnkún tí kò dùn mí kúnlẹ̀ ṣáájú. Ó gbà mí ní àkókò. Ọmọ fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ní Ọjọ́rú, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kúnlẹ̀ bí mo ṣe kúnlẹ̀, ó tiẹ̀ ń mí èémí gbígbóná tí èmi ń mí tí orúnkún bá ń ro mí. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà tó wá gbé e ní ọjọ́ Ẹtì pé iṣẹ́ ti parí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n dé. Ìyá àna mi, ìyá ọkọ ọmọ mi, ló ṣáájú. Ọmọ wò ó, ó wò mí. Mo rí i tó fẹ́ na ọwọ́ síwájú, bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀. N kò ronú, mo fi àga sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sílẹ̀, èmi bàbá arúgbó, níwájú àna mi. Ọmọ rí mi, ó kó ọwọ́ rẹ̀ padà, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Màámà."

Ìyá àna mi pàtẹ́wọ́, ó ń kì í, ó ń pè é ní ọmọ dáadáa. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Gbogbo wọn yíjú sí mi. "Ẹ dìde, Bàbá, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ dìde."

N kò lè dìde. Orúnkún ti gan pa. Mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀, kò ràn mí. Mo ṣe bí ẹni pé mò ń wá nǹkan nílẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ mi rí i, ó wá kó apá sí mi ní abíyá kan, ìyá ọkọ rẹ̀ kó apá sí ìkejì, wọ́n gbé mi ka àga bí ẹni gbé àpò àgbàdo. Ọmọ ṣì kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń retí kí a ní kó dìde.

Ìyá àna mi fa àpótí ìjókòó sún mọ́ mi. Kò gbé ohùn sókè lọ́tẹ̀ yìí. "Bàbá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ṣubú báyìí nínú oko ńkọ́, tí ọmọ wà lẹ́yìn yín?"

Mo ti ṣubú rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni, nígbà òjò, abẹ́ igi kaṣú. Mo fi àyà gbalẹ̀ kí ọmọ má fara pa. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbójú sókè báyìí, mo rí i lójú ọmọ mi pé ó ti mọ̀. Bóyá ó rí ọgbẹ́ àyà mi nígbà náà, tí kò béèrè.

Ó ní, "Bàbá mi," kò sì lè parí rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ."

Ọ̀já ìyàwó mi ni wọ́n fi pọn ọ́n lọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n mú un. Ọmọ mi ṣì ń ṣe tíṣà ní Ìfọ́n, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ohun tí a tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn, n kò kábàámọ̀. Mo ti padà sí ebè mi. Mo ń parí rẹ̀ kí oòrùn tó mú, lẹ́yìn náà kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo ṣì máa ń kọ́kọ́ mu nínú ẹ̀kọ, mo sì máa ń dúró díẹ̀ kí n tó mu èyí tó kù.

Wọ́n mú un wá ní Iléyá tó kọjá. Ó ti ga. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, kò sáré. Ó rìn wá, ó kúnlẹ̀. Orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé itan. Mo wò ó dáadáa. "Ẹ kú ọdún, Bàbá." Mo ní kó dìde, ó dìde, kò sí iyẹ̀pẹ̀ kankan láyà aṣọ rẹ̀.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi láti àná pé ó ń bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, ọmọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìkúnlẹ̀ kì í dún. Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè, ó yí etí, ó dúró. Ó dúró pẹ́.

Ó ní, "Ọkùnrin kékeré ńkọ́? Ṣé kò wá mọ́ ni?"

Mo ní, "Ó ti wá, ẹ̀gbọ́n. Ó wà níwájú yín, ó kúnlẹ̀."

Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó ń wá orí ọmọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tó ti máa ń bá a. Iyẹ̀pẹ̀ lásán ni ọwọ́ rẹ̀ ń tọ́. Mo dìde jókòó, mo mú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé e sókè díẹ̀, mo gbé e lé ọmọ lórí.